Òórùn ló gbé mi dé Àjàṣẹ́

Òórùn ìgbẹ́ adìẹ mi ní Ìkòròdú ni mò ń wí, èyí tí àwọn aládùúgbò fi ní kí n yáa kó adìẹ mi lọ síbòmíì. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní, "Lọ sí Songhai, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn." Oko ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ni Songhai, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Benin.

Mo wọ mọ́tò ní Mile 2 títí dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Ti ọ̀nà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ouando, àdúgbò tí oko náà wà ní Àjàṣẹ́. Yorùbá ọlọ́kadà náà já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ.

Àlùfáà Kátólíìkì kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló dá Songhai sílẹ̀ ní 1985, lórí hẹ́kítà kan péré tí ìjọba Benin fún un. Èmi rò pé inú kíláàsì ni wọn yóò kó àwa àlejò sí. Rárá o. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló mú wa káàkiri. "Fofo" ló ń pè mí, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin.

Ìdí ìdin ló kọ́kọ́ mú wa lọ. Ìfun ẹran àti àjẹkù ilé ìdáná ni wọ́n kó jọ kí eṣinṣin lè wá yé sí i. Ìdin náà ń rú wùyẹ̀wùyẹ̀ bí ìrẹsì tó ń hó lórí iná. Mo fà sẹ́yìn. Ó bu ìdin sí ike, ó dà á sínú omi, ni àwọn ẹja àrọ̀ bá dà bo ibẹ̀.

"Oúnjẹ ẹja ti wọ́n jù, Fofo."

Ìgbẹ́ ẹran ń lọ sínú àgbá tí wọ́n dé pinpin, ó ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Èyí tó ṣẹ́ kù di ajílẹ̀ ẹ̀fọ́. Koríko olódòdó àlùkò (water hyacinth) tó gba ipò lọ́wọ́ ojúoró àti òṣíbàtà lójú ọ̀sà, tí àwọn apẹja ń gbé ṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n ń lo òun náà.

Mo bi í pé ta ló ń ru gbogbo ìgbẹ́ yìí kiri. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò jẹ ìgbẹ́, kí ẹ tó kọ́lé fún ẹni tí yóò yà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Iwájú ilé ni adìẹ mi wà, ẹ̀yìnkùlé pátápátá ni adágún ẹja. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ya àwòrán ọgbà náà, mo sì máa ń fi yangàn!

Alẹ́ ọjọ́ tí mo délé, mo ní kí ìyàwó mi bá mi di orí téèpù mú. Láti ilé adìẹ dé adágún, ẹsẹ̀ bàtà 77. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kó sáàárín wọn. Mi ò tíì dárúkọ ìdin.