Olúwa Mú Mi Dé Ìpele Kejìlá, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ẹbí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété àti níbi gbogbo tí ẹ bá wà, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Lẹ́tà ìgbéga mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti kúrò lórí ìpele kẹwàá, mo ti bọ́ sórí ìpele kejìlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lè béèrè pé ìpele kọkànlá wá ńkọ́. Kò sí i. Láti orí ìkẹwàá, ìkejìlá ló kàn, ibẹ̀ sì máa ń dà bí odò tó fẹ̀ lójú ẹni tó dúró létí rẹ̀. Mo pẹ́ létí odò yìí. Ọlọ́run ló mú mi gòkè, àwọn èèyàn tó lò fún mi ni mo sì fẹ́ ròyìn lónìí.

Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá wà láàárín ìpele keje sí ìkẹrìnlá gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè gbé e ga. Ọdún 3 yẹn nìkan kọ́ o. Àyè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, nígbà tèmi, ìwé APER tí ọ̀gá ẹni ń kọ lọ́dọọdún nípa iṣẹ́ ẹni gbọ́dọ̀ pé nínú fáìlì, èèyàn sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nígbà tí ọdún tèmi pé, tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò jáde, mo wá orúkọ mi lókè, mo wá a nísàlẹ̀, n kò rí i. APER ọdún kan ló di àwátì nínú fáìlì mi. Ọ̀gá tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò ṣojú rẹ̀. Mo lọ, mo bọ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á ránṣẹ́ pè mí. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́.

Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe ìdánwò, wọ́n yege, wọ́n di ọ̀gá mi. Mo bá wọn yọ̀ dénú. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé lálẹ́, ọkọ mi nìkan ló mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan ni. Kéèyàn fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ fún odidi ọdún kan, kí ó wá di pé kò sí ohun tó fi hàn pé ó ṣe é, ó máa ń dunni wọra.

Obìnrin kan wà níbi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹbí mi, a kì í sì í ṣe ọmọ ìlú kan náà. Ó kàn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ wá a fún yín. Ìwé ò lẹ́sẹ̀." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, tó ń tú fáìlì, tó ń tò ó padà. Inú fáìlì ọkùnrin kan tí èmi àti ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà ló ti rí i. Etí ìwé náà ti pọ́n, píìnì tí wọ́n fi so ó ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé ọ̀gá mi àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ketekete, tòun ti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Òun ló sáré lọ bu omi tútù wá fún mi.

Ìwé kíkà ló kù. Bàbá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba máa ń kó àwa òṣìṣẹ́ jọ sílé wọn ní Sábó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Fọ́tò kọ́pì ìwé Òfin Iṣẹ́ Ìjọba ti ọdún 2008 ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbé dání lọ. Bàbá ní ká gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021 ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2023, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti yàtọ̀: dírẹ́kítọ̀ tó bá ti lo ọdún 8 lórí ipò náà gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá sì bímọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìwé àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń tà káàkiri fún àwọn tó ń múra ìdánwò. Ó ń ká mi lára gan-an.

Bàbá kì í jẹ́ ká há òfin sórí lásán. Wọ́n á bi wá pé kí ló fà á tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tá a dé orí ìbáwí, wọ́n ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí abala 36, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí wọ́n kọ síbí náà nìyẹn." Wọ́n sọ̀rọ̀ Olóyè Simeon Adébọ̀ fún wa, ẹni tó ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 1962. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, ṣùgbọ́n ta ló ka iye ọmọ, ta ló ka iye kíláàsì, ta ló ṣírò owó rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti túbọ̀ níyì lójú mi.

Ẹnì kan tún pè wá lórí fóònù, ó ní ìbéèrè ìdánwò wà lọ́wọ́ òun, ká dá owó jọ. Bàbá ní ẹni tó bá san án kó má wulẹ̀ wá sílé òun mọ́. A ò san án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá lórí èyí ju gbogbo ìyókù lọ, torí ta ni màá kọ́ ní òtítọ́ lórí àga tí mo bá fowó rà?

Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò ọ̀hún. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní LAUTECH ló ń gbé ti ẹ̀ fún mi lálaalẹ́, tó ń wo aago tì mí. Ìbàdàn la ti ṣe é. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú la ti gbéra, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí tírélà kan ti ṣubú dínà, ilẹ̀ ti ṣú ká tó kọjá. Ọlọ́run kò jẹ́ ká wà níbẹ̀ nígbà tó ṣubú.

Mo yege. Ó wá ku ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n bi mí pé bí ẹni tó wà lábẹ́ mi bá pa iṣẹ́ jẹ láìtọrọ àyè, kí ni màá ṣe. Mo ní màá kọ kúẹ́rì sí i, màá dá ọjọ́ tó máa fèsì fún un, màá ka èsì rẹ̀, kí n tó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn tó láṣẹ láti bá a wí. Ọ̀gá kan ní bó bá hàn gbangba pé ó jẹ̀bi ńkọ́? Mo ní a ó ṣì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí n tó mọ̀, òwe Bàbá ti jáde lẹ́nu mi ní Yorùbá. Ọ̀gá náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Gbogbo ìbẹ̀rù tó wà lára mi ló kúrò níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ ọmọ mi, lọ́wọ́ Bàbá wa. Ẹ̀yin tí fáìlì yín ṣì wà níbi tí ẹ ò mọ̀, Ọlọ́run á gbé ẹni tó máa bá yín wá a dìde. Obìnrin tó wá tèmi rí ti ń bá wa kàwé ní Sábó báyìí, ìdánwò ìgbéga tirẹ̀ náà ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí rẹ̀ nínú àdúrà yín. Halelúyà!