Ẹ Wọn Oòrùn Nígbà tí GPS Ṣì Ń Ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá ń gbèrò láti fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré la òkun kọjá, tí ẹ sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi oòrùn àti ìràwọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà, àsìkò tí GPS yín ń ṣiṣẹ́ geerege ni kí ẹ kọ́ ọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra sẹ́sítáǹtì, ìyẹn ẹ̀rọ onídígí méjì tí a fi ń wọn bí oòrùn ṣe ga tó, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí de ọjọ́ wàhálà. Ọjọ́ tí mànàmáná bá sán lu òpó, tí gbogbo ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka ìwé ìlò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó wà ní Annapolis pàápàá dá ẹ̀kọ́ yìí padà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún 2015. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, oòrùn nìkan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Etíkun Brighton ní gúúsù Ìlú Ọba ni èmi ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ dára, torí pé gúúsù ni òkun wà, gúúsù náà sì ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé kì í mì, ẹ sì ti mọ ìdáhùn ṣáájú, ìyẹn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó: dígírì 50 àti mínítì 49 sí àríwá (ọgọ́ta mínítì ló wà nínú dígírì kan). Ẹni tó bá wà ní Èkó ní láti yan àsìkò. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin títí di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá níbẹ̀, lórí ilẹ̀, níbi tí ilé àti igi kò ti ní jẹ́ kí ẹ rí ìlà tí ojú ọ̀run ti kan òkun. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù, bí ọyẹ́ kò bá bo ojú òkun.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ọ̀sán gangan ti ibi tí ẹ wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo oòrùn. Á máa gòkè, ẹ̀yin náà á máa yí sẹ́sítáǹtì tẹ̀lé e, títí tí yóò fi dúró díẹ̀, tí yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ibi tó ga dé jù lọ ni ẹ fẹ́. Ká ní oòrùn wà ní gúúsù yín, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 54 àti mínítì 10 lẹ́yìn àwọn àtúnṣe tó wà nínú àlímánáàkì òkun, ìwé tó ń sọ ibi tí oòrùn àti ìràwọ̀ wà lójoojúmọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 90, ó ku dígírì 35 àti mínítì 50. Àlímánáàkì náà, tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún, á sọ fún yín pé ní ìparí oṣù kọkànlá, oòrùn wà ní nǹkan bíi dígírì 21 àti mínítì 40 sí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ yọ ìyẹn náà, ó ku dígírì 14 àti mínítì 10. Ìlà ìbú tí ẹ wà nìyẹn, ní àríwá. Mínítì kan níbẹ̀ jẹ́ máìlì òkun kan, ìyẹn mítà 1,852.

Ojú òkun gan-an ni iṣẹ́ wà. Láti Mindelo ní Cape Verde dé Barbados, erékùṣù kan ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, tó nǹkan bíi 2,000 máìlì òkun, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ọkọ̀ kékeré á sì máa yí sọ́tùn-ún yí sósì tọ̀sán tòru. Ẹ wá ibi tí ẹ óò ti fẹ̀yìn tì dáadáa, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣòfo. Ẹnu ọ̀nà yàrá ọkọ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ fi okùn sẹ́sítáǹtì kọ́ ọrùn. Ẹ kọ́kọ́ gbé dígí dúdú dí oòrùn, torí ojú kò ní ààrọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù kí ìgbì gbé ọkọ̀ sókè kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Bí ọkọ̀ bá wà nísàlẹ̀ láàárín ìgbì méjì, ẹ̀yìn ìgbì tó wà níwájú yín ni ẹ óò máa pè ní ìlà ojú ọ̀run, gíga oòrùn á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ti wà lókè, ẹ mi sẹ́sítáǹtì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, oòrùn tí dígí rẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ sórí òkun á máa fì bí ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà. Níbi tó bá ti wálẹ̀ jù ni kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kan òkun féré.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ fi àmì sí wọn lórí bébà gẹ́gẹ́ bí àkókò wọn ṣe tẹ̀ léra. Èyí tó bá dá yàtọ̀, ẹ gbé e sọ nù. Sẹ́sítáǹtì oníke tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ́ kó tẹ̀, nítorí náà ẹ fi sí òdo, kí ẹ fi wo ìlà òkun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ẹ mọ iye tó fi yàtọ̀. Bí omi òkun bá ta sí dígí rẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Aago ṣe pàtàkì fún ìlà òòró, ìyẹn bí ẹ ṣe lọ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tó. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré tó mínítì kan. Aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú tó ń rìn déédéé dára. Ẹ má ṣe tún un ṣe lójú ọ̀nà, ẹ kàn máa kọ iye tó fi ń yára tàbí tó fi ń falẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn oòrùn láàárọ̀, ẹ fa ìlà tí ìṣirò rẹ̀ bá fún yín sórí ìwé àwòrán òkun, kí ẹ sún ìlà náà síwájú bí ọkọ̀ ṣe rìn títí di ọ̀sán. Ibi tó bá ti dábùú ìlà ìbú ọ̀sán ni ẹ wà.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ fi báírò kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó wo GPS. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa fa iye náà lọ síbi tí ojú ti rí. Lórí ọkọ̀ kékeré, bí ẹ bá fi máìlì mẹ́ta sí márùn-ún yàtọ̀, iṣẹ́ yín dára gan-an.

Nígbà tí oòrùn bá ti mọ́ yín lára, ẹ lọ sórí ìràwọ̀. Àsìkò tí ìràwọ̀ ti yọ tí òkun ṣì hàn kì í pẹ́ rárá nítòsí ìlà agbedeméjì, nítorí náà ẹ ṣírò ibi tí ẹ óò wò kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá lójú ọ̀nà yẹn, Vega wà ní ìwọ̀ oòrùn àríwá, Fomalhaut ní gúúsù, Hamal ní ìlà oòrùn. Mẹ́ta yẹn tó. Bí Ajá-oṣù, ìyẹn Venus, bá yọ lálẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, torí ó máa ń hàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ bá ń sún mọ́ Barbados, ẹ má ṣe dojú kọ erékùṣù náà gan-an. Òkúta abẹ́ omi wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, Carlisle Bay tí ẹ óò sọ ìdákọ̀ró sí sì wà ní apá kejì. Ẹ di ìlà dígírì 12 àti mínítì 55 mú, kí ẹ lè gba gúúsù rẹ̀ kọjá bí ẹ bá tiẹ̀ fi máìlì márùn-ún ṣìnà. Nígbà tí ìṣirò yín bá sọ pé ó ku ọgọ́ta máìlì, ẹ din ìgbòkun kù kí ó lè jẹ́ ojúmọmọ ni ẹ óò dé, kí ẹ sì tan GPS sílẹ̀.