Ọdún Tí Ìka Mi Padà Sílé-Ìwé

Ọdún parí, a dúpẹ́. Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà: mo sùn, mo jí. Ọdún tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn mi yọ tábúlẹ́ẹ̀tì Bàbá wọn nínú àpótí, tó nù ún, tó gbé e lé mi nítan. "Mọ́mì, ẹ máa lò ó. Yóò kúkú bàjẹ́ síbẹ̀ ni."

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ tápíìsì ni mo fi tọ́ wọn. Ọwọ́ mi le. Mo gbá ojú gíláàsì yẹn bí ẹni tó ki káábọ́ọ̀nù sábẹ́ bébà mẹ́rin. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò mú ọwọ́ kúrò, ni gbogbo àwòrán kéékèèké ojú ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Mo ní mo ti pa á.

Ọmọ-ọmọ mi, tíṣà ọmọ ọdún 8 tí kò ní sùúrù, ló là mí lóye: "Màmá àgbà, ẹ kàn fọwọ́ bà á, kí ẹ tètè gbé e." Àṣé gíláàsì náà kì í wo agbára. Iná mànàmáná díẹ̀ ló wà lójú ẹ̀. Bí ẹran ara bá ti kàn án, ó mọ ibi tó ti kàn án. Èékánná kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èékánná ni mo fi ń ha á fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kó má baà dọ̀tí!

Omi náà máa ń tàn án jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń wo fọ́tò, omi kán sí i, fọ́tò bá ń yí fúnra ẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹlòmíì ń bá mi wò ó. Ẹ má bi mí pé omi wo. Ẹ jẹ́ ká ní òrùlé ló jò.

Bàbá wọn fẹ́ràn fọ́tò yíyà, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ẹ̀ ò yé yọjú ní igun. Gbogbo èyí tí àtàǹpàkò bá ti bà jẹ́ ni mo pa rẹ́, inú mi dùn, mo ti di ọ̀gá. Alẹ́ ni mo tó rí i pé òun fúnra ẹ̀ ò sí nínú èyí tó kù. Òun ló sáà ń yà wá.

Mi ò sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tíṣà mi ṣí ààtàn inú tábúlẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ 30 ni fọ́tò ń lò níbẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Mọ́kànlélógójì padà wá. Mo fi ìka méjì fẹ ọ̀kan lójú: bàìbàì, pupa rúsúrúsú, kò tiẹ̀ jọ ìka.

"Màmá àgbà, gbogbo èyí ò dáa o."

Mo ní mo mọ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ó kù kí n mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn lójúkojú. Títí di báyìí, iwájú orí mi nìkan làwọn ọmọ ń rí. Ìwọ̀n lẹ́tà tí Bàbá wọn fi sójú tábúlẹ́ẹ̀tì náà sì tóbi bíi ti pátákó ìta gbangba. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ẹ rántí. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, mo rọra wọ ibi tí wọ́n ti ń yí ìwọ̀n lẹ́tà padà nínú ẹ̀, mo bù díẹ̀ sí i.