Èèyàn dà? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mò ń ka ìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ka History, àtẹ̀yin tí wọ́n fi kọ́ọ̀sì yẹn há lọ́rùn ní Economics, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni méjì ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé báwo làwọn ṣe máa ka Industrial Revolution (ìgbà tí ẹ̀rọ gba ipò iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) tí oorun ò fi ní gbé àwọn lọ lórí ìwé, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ kí gbogbo yín rí i kà.

Nígbà tí mo wà ní 200 level, ṣe ni mo há orúkọ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìrànwú àti ẹ̀rọ ìhunṣọ sórí, pẹ̀lú ọdún wọn. John Kay, 1733. Hargreaves, nǹkan bíi 1764. Arkwright, 1769. Crompton, 1779. Cartwright, 1785. Mo tú u sílẹ̀ nínú ìdánwò bí ẹni ń ki oríkì, mo ti ń ka máàkì mi lọ́kàn kí n tó dìde. Nígbà tí ìwé yẹn padà dé ọwọ́ mi, lẹ́kíṣọ́rà wa ti fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo orúkọ yẹn: "Èèyàn dà?" Ó dùn mí wọra. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni.

Ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìsẹ́yìn, ló là mí lójú. Mo lọ kí wọn nígbà ọlidé, mo bá wọn lórí àpótí, wọ́n ń ran òwú. Ọwọ́ òsì á gbé òwú sókè, ọwọ́ ọ̀tún á ta ìrànwú kó máa pòyì, òwú á máa gùn, á máa tín-ín-rín, tó bá já wọ́n á fi ìka méjì lọ́ ọ pọ̀, ó tún di odidi. Mo jókòó tì wọ́n láti ìgbà tá a jẹ ẹ̀kọ títí oòrùn fi kan àtàrí, ohun tí wọ́n rí ràn ò tíì kún ìrànwú kan. Mo wá bi wọ́n pé ṣé èyí á tó ahunṣọ lò lóòjọ́ báyìí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ahunṣọ kan á jẹ òwú obìnrin mẹ́rin tán, á tún na ọwọ́ pé òmíì dà."

Àfi bíi pé ẹnì kan tan iná sí mi lórí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lancashire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gan-an nìyẹn! Àwọn obìnrin àtọmọdé ló ń ran òwú nínú ilé, ọkùnrin ló sábà máa ń hun ún, ẹni tó ń ràn kan ò sì lè bọ́ ẹni tó ń hun kan. Kay wá mú kí ọ̀kọ̀ ìhunṣọ, èyí tó ń gbé òwú kọjá, máa sáré lọ sáré bọ̀ bí ahunṣọ bá ti fa okùn, ahunṣọ yára sí i, òwú wá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹlòmíì á rìn láti ilé dé ilé láàárọ̀ kó tó rí òwú tó máa fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Nítorí náà kì í ṣe pé ọgbọ́n kàn ṣàdédé já bọ́ lu Hargreaves, àìrí òwú ló lé e débẹ̀. Ìrànwú mẹ́jọ ni ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni pé èèyàn kan gba iṣẹ́ èèyàn mẹ́jọ, ẹ wá rò ó wò lójú obìnrin tó jẹ́ owó òwú ló fi ń ra búrẹ́dì fọ́mọ. Ní 1768 àwọn ará Blackburn ya wọ ilé Hargreaves, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ náà túútúú, ó sì kó lọ sí Nottingham.

Ẹ̀kọ́ tó tún yà mí lẹ́nu ni pé oko ló ṣáájú. Èmi ti máa ń fo apá oko yẹn torí ó gbẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbin ilẹ̀, wọ́n á fi apá kan sílẹ̀ kó sinmi, bí àwọn bàbá wa náà ṣe ń ṣe. Ní Norfolk wọ́n wá ń gbin àlìkámà, tọ́nípù, bálì, lẹ́yìn náà clover (ewéko kan tí ẹran ń jẹ), wọ́n ń yí i po, ilẹ̀ ò sinmi mọ́, síbẹ̀ kò ṣá. Clover ń dá agbára padà fún ilẹ̀ bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe lóko tiwa, ẹran sì ń rí tọ́nípù jẹ nígbà òtútù, ìgbẹ́ ẹran tún ń padà sínú oko. Oúnjẹ pọ̀ sí i, èèyàn náà pọ̀ sí i, àwọn ará England tí wọn ò tó mílíọ̀nù 6 ní 1750 ti lé ní mílíọ̀nù 16 ní 1850.

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ọgbà yí ilẹ̀ àjùmọ̀lò ká. Láti 1604 dé 1914 òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe lórí èyí lé ní 5,200, éékà bíi mílíọ̀nù 6.8 ni wọ́n fi pín. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka fígọ̀ yẹn kò sọ nǹkankan fún mi. Ẹ wo ìdílé kan tó jẹ́ màlúù kan ṣoṣo ló ní, tó ń dà á jẹko lórí ilẹ̀ àjùmọ̀lò, tó ń ṣa igi ìdáná níbẹ̀, lọ́jọ́ kan ọgbà yí ibẹ̀ ká, kò níbi tó máa so màlúù mọ́, ó tà á, wàrà tán nílé, iṣẹ́ alágbàṣe ló kù. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Àmọ́ o, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé ọgbà nìkan ló lé gbogbo ayé lọ sí ìlú ńlá, iye èèyàn tó ń pọ̀ àti owó iṣẹ́ ìlú náà wà ńbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aago. Ahunṣọ tó ń hun aṣọ nílé ara ẹ̀ ló ni àkókò ẹ̀, tó bá wù ú á sinmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè (wọ́n tiẹ̀ sọ Mọ́ńdè di ẹni mímọ́, Saint Monday ni wọ́n ń pè é), tó bá di Tọ́sìdeè á wá fi òru pẹ̀lú ọ̀sán. Ní 1771 Arkwright bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ òwú tó ń lo agbára omi ní Cromford, ní Derbyshire, omi kì í sinmi ní Mọ́ńdè, nítorí náà èèyàn ò gbọ́dọ̀ sinmi. Agogo á dún, géètì á tì, ẹni tó bá pẹ́ wọ́n á yọ owó ẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rí tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní 1832, ẹ kà á fúnra yín, ẹ máa rí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti ìdájí títí di alẹ́. Mo pa ìwé náà dé lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kà á tán. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin jáde pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú, pé àwọn ọmọ 9 sí 13 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́. Alábẹ̀wò mẹ́rin péré ni wọ́n yàn fún gbogbo ìlú!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa pe ẹni tó bá ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà ní Luddite. Àwọn tó ń jẹ́ Luddite ní Nottinghamshire ní 1811, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń jẹun, èyí tí àwọn ọ̀gá fi ń ṣe ìbọ̀sẹ̀ gbàǹjo, tó ń já owó iṣẹ́ wálẹ̀, ni wọ́n ń fọ́. Ìjọba ṣòfin ní 1812 pé ikú ni ìjìyà ẹni tó bá fọ́ ẹ̀rọ, ní January 1813 wọ́n so èèyàn 17 kọ́ ní York. Ní 1830 ó tún kan àwọn alágbàṣe oko, ó bẹ̀rẹ̀ ní Kent, ó sì tàn dé àwọn àgbègbè míì. Ọkà pípa ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fi la ìgbà òtútù já, ẹ̀rọ ìpakà dé, ebi wọlé, wọ́n bá gbé òòlù, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ náà. Èèyàn 19 ni wọ́n so kọ́, wọ́n sì kó ẹni tó tó 500 lọ sí Australia. Èmi ò lè ka ìyẹn kí n sọ pé ojú wọn dúdú ni.

Tẹ́ ẹ bá sì dé Manchester, tó kúrò ní bíi 75,000 èèyàn ní 1801 tó di ẹni tó lé ní 300,000 ní 1851, ẹ bi ara yín pé òwú yẹn ti ibo wá. Tó bá fi máa di àwọn ọdún 1850, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ń ti Amẹ́ríkà wá, ẹrú ló ń ká a, àwọn ọmọ àtọmọọmọ àwọn tí wọ́n kó ní etíkun wa wà nínú wọn. Epo pupa wa ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là fún àwọn ará ìlú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, òun náà ni wọ́n fi ń kun ẹ̀rọ kó má ha. Láti àwọn ọdún 1850 yẹn ni Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, àti Henry Venn ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gbé ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1861 ogun bẹ́ ní Amẹ́ríkà, òwú ò wá mọ́, ebi pa Lancashire, Abẹ́òkúta sì ń ta òwú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó.

Ẹni tó bá ń wá tópíìkì fún project nínú yín, kó lọ wá àkọsílẹ̀ òwú Abẹ́òkúta yẹn. Kó wo ẹni tó gbìn ín, ẹni tó ru ú dé odò Ògùn, ẹni tó gba owó ẹ̀. Tó bá kọ chapter àkọ́kọ́ tán kó fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á, bírò pupa mi sì wà ńlẹ̀.