Bí CD Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí Lórí Linux, Ẹ Kọ́kọ́ Bi Kernel Léèrè

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì wà lórí DVD, ìwàásù àtijọ́ náà sì wà lórí CD. Bí wọ́n bá ki irú rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà tí Linux kò ṣí i, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé dráífù ti kú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ká má tíì dá dráífù lẹ́bi. Ṣé kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, rí dráífù? Ṣé dráífù rí CD? Ṣé CD ọ̀hún ní filesystem (ètò tí wọ́n fi to fáìlì sórí rẹ̀) tó ṣeé mount, ìyẹn ká so ó mọ́ ẹ̀rọ kí fáìlì rẹ̀ lè ṣí? Bí ẹ bá fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ lsblk. Bí ẹ bá rí sr0, orúkọ tí Linux ń pe dráífù CD, kernel ti rí dráífù nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí desktop, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ ti wáyà SATA méjèèjì wọlé dáadáa: èyí tó ń gbé data ní ẹnu 7, èyí tó ń gbé iná ní 15. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní tirẹ̀, ẹ fa dráífù síta wò, torí wọ́n lè ti yọ ọ́, kí wọ́n fi ike lásán tàbí hard disk dí ojú ihò. Dráífù USB kò fẹ́ hub (àpótí tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀. Ojú USB 2.0 kì í fúnni ju 500 mA lọ, bẹ́ẹ̀ mótò dráífù lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Òun ló fà á tí òmíràn fi ń tan iná, tí yóò sì gé lójijì gẹ́rẹ́ tí CD bá fẹ́ yí. Wáyà tó ní ẹnu USB méjì ló ń yanjú rẹ̀.

Bí sr0 bá wà, ẹ tẹ sudo dmesg -w, tó ń fi ohun tí kernel ń sọ hàn, kí ẹ wá ki CD bọ̀ ọ́, kí ẹ dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá gbìyànjú àti mount tó ní "no medium found", dráífù wà, àmọ́ kò mọ̀ pé nǹkan wà nínú òun. Ẹ fetí sí i. Bí CD bá ń yí díẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń yí, lẹ́ǹsì ló ń wá ojú CD tí kò rí i. Eruku ọyẹ́ ló sábà máa ń fa èyí nílùú wa. Lẹ́ǹsì ni dígí róbótó kékeré tó ń dán bí ojú ẹja. Ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ nítorí itọ́. Bí ó bá kù, ẹ kan isopropyl alcohol díẹ̀ sórí òwú ìnutí, kí ẹ rọra nù ún. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé lẹ́ǹsì náà dúró, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, petírólù àti thinner kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Bí dráífù bá ń ka DVD tí kì í ka CD, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: laser CD jẹ́ 780 nm, ti DVD jẹ́ 650 nm, ọ̀kan lè kú kí èkejì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi méjèèjì dán an wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bí mount bá ní "wrong fs type", kì í ṣe ẹjọ́ dráífù. CD orin tàbí ìwàásù tí wọ́n kọ bí CD rédíò kò ní filesystem, kò sí bí a ṣe lè mount rẹ̀. Àṣẹ vlc cdda:///dev/sr0 ni kí ẹ fi gbọ́ ọ. DVD tí wọn kò finalize (tí wọn kò tíì parí kíkọ rẹ̀) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a padà sínú kámẹ́rà tó kọ ọ́, kó parí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìwọ̀nyí, ẹ tẹ sudo mkdir -p /mnt/cd, lẹ́yìn náà sudo mount -t udf -o ro /dev/sr0 /mnt/cd. Bó bá kọ̀, ẹ fi iso9660, irú filesystem mìíràn, rọ́pò udf. Bó bá ní "write-protected, mounted read-only", ó ti ṣí nìyẹn, ẹ má bẹ̀rù.

"I/O error, dev sr0", ìyẹn pé dráífù kò rí ibì kan kà, ni mo ń bẹ̀rù jù. Ẹ má ṣe máa tì í wọlé tì í jáde. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu CD náà láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe yíká. Bó bá jẹ́ ojú àkọlé CD ló ha, data gan-an ló ti lọ, torí abẹ́ àkọlé náà ló wà. Ẹ fi apt gbé gddrescue wọlé (òun ló ní àṣẹ ddrescue tó ń ṣe ẹ̀dà CD tó ní ìṣòro), ẹ wá àyè 5 GB fún DVD 4.7 GB, kí ẹ tẹ:

sudo ddrescue -n -b2048 /dev/sr0 fidio.iso fidio.map
sudo ddrescue -d -r1 -b2048 /dev/sr0 fidio.iso fidio.map

Àkọ́kọ́ ń kó ibi tó dára, èkejì ń padà sí ibi tó le. Ẹ má pa fidio.map rẹ́, torí ibẹ̀ ni ddrescue ń kọ ibi tó ti kà sí: bí ẹ bá yá dráífù ẹlòmíràn, ẹ tún àṣẹ kejì tẹ̀ níbẹ̀, yóò máa bá a lọ níbi tí ti àkọ́kọ́ dé, dráífù kan sì lè ka ibi tí èkejì kò rí kà. Ẹ wá fi sudo mount -o loop,ro fidio.iso /mnt/cd ṣí i, kí ẹ wo fídíò náà dé òpin kí ẹ tó dá DVD padà fún olówó rẹ̀.