Ìjàpá bàbá mi tún ṣe é lánàá

Ẹ wo wàhálà o. Volkswagen ìjàpá bàbá mi, ti 1974, táàtì láàárọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan, mo wà á kúrò ní Mayfair n'Ífẹ̀ níbí, bí mo ṣe ní kí n dé Lagere báyìí ló bá ń gbọ̀n, ó ń yìnbọn nídìí, pàù pàù, ó kú. Mo kíkì títí, bátìrì fẹ́ẹ̀ bá a lọ. Brọ̀dá kan ní kí n bu omi sí rédíétọ̀, rédíétọ̀ wo? Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì ìjàpá lára 😂

Bẹ́ẹ̀ mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti fọ kabúrétọ̀, owó ti lọ. Bàbá mẹkáníìkì kan ló dé, wọn ò tiẹ̀ wo ibẹ̀, dísítríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ṣí. "Ọmọ mi, wo ojú kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì ẹ tó ń já iná tó tún ń so ó, ó ti jóná. Kọ́ńdẹ́ńsà tí kì í jẹ́ kí iná jó ojú ẹ̀ ló ti kú, tó bá ti gbóná kò ní ṣiṣẹ́, tó bá tutù á tún máa ṣe bí ọmọlúàbí." Wọ́n fi sánpépà ha ojú kọ́ńtáàkì yẹn, wọ́n wọn àlàfo ẹ̀ sí 0.4 mm, wọ́n fi kọ́ńdẹ́ńsà míì sí i. Kíkì ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dún!

Mo ní bàbá, èló ni? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ ra omi tútù wá ná.