Àyẹ̀wò òpin ọdún 2025: orúkọ stúdíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ animation l'Ábújá

Ọyẹ́ ti dé, ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìsinmi, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ animation (àwòrán tó ń rìn) láti Kubwa dé Lugbe sì ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ya lógò fún stúdíò tí wọn kò tíì sọ lórúkọ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí: ohun tó yẹ ká gbé wọ 2026, àti ohun tó yẹ ká fi sílẹ̀ síbí. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni àṣà à ń ti orí lógò bẹ̀rẹ̀. Lógò ló gbẹ̀yìn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; nínú iṣẹ́ yìí, àkọsílẹ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti òwò sílẹ̀, la kọ́kọ́ ń wò.

Àmọ́ kí ẹ tó wá orúkọ kankan, ẹ bi ara yín bóyá stúdíò lẹ nílò. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí àyè ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, orúkọ ara rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí showreel, fídíò kúkúrú tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ẹni tó fẹ́ gbà á fẹ́ mọ ẹni tó mú ẹ̀dá yẹn rìn, ẹni tó to ìmọ́lẹ̀, ẹni tó ṣe rig (egungun inú ẹ̀dá tó ń jẹ́ kó lè rìn). Tí ó bá rí "Studio" lórí iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, yóò rò pé èèyàn mẹ́rin ló ṣe é, yóò sì máa bi ara rẹ̀ èwo ni tiyín níbẹ̀. CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti òwò ti ọdún 2020, náà fi àyè sílẹ̀: ẹni tó bá ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí kò fi ohun mìíràn kún un ju orúkọ tirẹ̀ gan-an tàbí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ wọn, kò pọndandan kó fi orúkọ òwò sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá fi "Studio" tàbí "Animation" kún un, ó ti di orúkọ òwò. Orúkọ stúdíò wá wúlò nígbà tí ẹ bá ti di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí oníbàárà bá fẹ́ sanwó sínú àkáǹtì òwò, nítorí báǹkì yóò béèrè ìwé ẹ̀rí CAC kí wọ́n tó ṣí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀.

Ibi tí orúkọ Yorùbá ti sábà ń forí gbárí ni àmì ohùn. Orúkọ tó rẹwà lórí ìwé yóò bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ Instagram, torí pé lẹ́tà ABD lásán, òǹkà, àmì ìdánudúró àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà tó ń tẹ àdírẹ́sì yín lórí fóònù kò ní wá ibi tí ẹ fi àmì sí. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ láìní àmì kankan, kí ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, kó kà á sókè. Stúdíò tí ẹ pè ní Oko nítorí pé ìtàn àgbẹ̀ lẹ fẹ́ máa ṣe, ẹnì kan yóò kà á sí ọkọ̀, ẹnì kan sí ọkọ́ tí a fi ń roko, ẹnì kan sí ọkọ ìyàwó. Ọ̀kan ṣì kù níbẹ̀ tí a kì í pè lójú àgbà, òun gan-an sì ni àwọn ọmọ kíláàsì yín yóò kọ́kọ́ rí.

Ìdánwò kejì jẹ́ ti ibi tí a wà. Ẹ mú orúkọ náà tọ ẹni tó gbọ́ Hausa lọ. "Káre" dùn létí Yorùbá, ìyìn ni. Tí ẹ bá kọ ọ́ sára àpò ní Wuse Market, ajá ni wọn yóò kà. "Aya" jẹ́ ìyàwó lọ́dọ̀ wa, òfio ni lọ́dọ̀ tiwọn. Òfio kò bí ẹnikẹ́ni nínú, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ta eré ọmọdé dé Kano àti Kaduna kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ ní ajá láìmọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka lẹ́tà. X kò gbà ju 15 lọ, TikTok dúró lórí 24, Instagram àti YouTube lórí 30. Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ kan náà wà níbi gbogbo, 15 ni òpin. Ẹ fi "AworanAlarabara" ṣe àpẹẹrẹ: 15 gééré ni. Ẹ fi "Studio" kún un, ó di 21, X ti kọ̀ ọ́. Àwọn tó bá wá ń gé e ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìkànnì mẹ́ta, ẹni tó ń wá wọn kò ní mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣí gbogbo àkáǹtì náà àti orúkọ ìkànnì .com.ng tàbí .ng, kódà tí ẹ kò bá tíì ní ohun tí ẹ ó gbé síbẹ̀.

Ní ti CAC, olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Maitama lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ náà ti ń lọ, kò sídìí owó ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ náà nínú ìwárí wọn tó wà ní gbangba. Orúkọ méjì lẹ ó fi ránṣẹ́, èyí tí ẹ fẹ́ jù síwájú. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń pa á mọ́. Tí ẹ kò bá parí ìforúkọsílẹ̀ láàárín rẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ yín. NIN, àwòrán pásípọ́ọ̀tù, ìbuwọ́lùwé àti àdírẹ́sì ni ẹ ó ní lọ́wọ́. Ohun tó ń mú kí wọ́n dá orúkọ padà jù ni pé ó jọ ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ bíi "National", "Federal" àti "Government" náà kò ṣeé lò láìgba àṣẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí "National Cartoon" sinmi.

Ohun kan tún wà tó kan oṣù Kejìlá yìí gan-an. Orúkọ òwò máa ń fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, ó pẹ́ tán ní 30 June, àfi ọdún tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní December 2025, ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ ti tó 30 June 2026. Ẹni tó bá sún un di January 2026 ní àyè di 30 June 2027. Tí iṣẹ́ kan kò bá ń lé yín léré, ẹ dúró de January.

Ìwé ẹ̀rí CAC kì í ṣe ààbò àmì òwò o. Ti ìyẹn wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Trademarks lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ilé iṣẹ́, òwò àti ìdókòwò, l'Ábújá níbí náà; ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́, tí a bá sọ ọ́ dọ̀tun ó di ọdún 14. Ìsọ̀rí 41 (ìpín tí wọ́n ń to irú ọjà àti iṣẹ́ sí) ni ṣíṣe fíìmù wà. Lójú tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èyí sílẹ̀ ná, àfi tí ẹ̀dá inú eré rẹ̀ bá ti ń wọ orí aṣọ (ìsọ̀rí 25) tàbí ohun ìṣeré ọmọdé (ìsọ̀rí 28), tí owó sì ti ń wọlé.

Ó wá kan lógò. Funfun àti dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yà á. Ẹ dín in kù dé píksẹ́lì 16 níbùú àti lóròó, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ṣeé dá mọ̀. Ẹ tún gé e ní róbótó, nítorí róbótó ni Instagram àti YouTube ń gé àwòrán orí àkáǹtì, igun yóò sì lọ. Fún YouTube, 800 × 800 ni àwòrán yẹn. Àsíá òkè rẹ̀ jẹ́ 2048 × 1152 ó kéré tán, àmọ́ àárín rẹ̀ tó jẹ́ 1235 × 338 nìkan ló máa ń hàn lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni kí orúkọ wà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àmì ohùn wà nínú lógò, ẹ mọ ohun tó ń bà á jẹ́. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà (U+1EB9, U+1ECD, U+1E63). Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ ni a ó kọ, a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣètò èyí sí yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀, tàbí kó yá lẹ́tà lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn tí ìrísí rẹ̀ kò bá ìyókù mu. Noto Sans, Gentium, Charis àti Andika ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Fún Blender, áàpù animation 3D, ẹ má ṣe tẹ orúkọ náà síbẹ̀ tààrà. Ẹ kọ ọ́ sínú Inkscape (áàpù ìyàwòrán), ẹ lo Object to Path tó ń sọ lẹ́tà di ìlà, ẹ fi ọwọ́ gbé àmì kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀, ẹ fi pamọ́ bí SVG (fáìlì àwòrán onílà), kí ẹ wá gbé SVG náà wọ Blender. Curve, ìyẹn ìlà, ni yóò jẹ́ níbẹ̀, Extrude yóò sì fún un ní ìnípọn. Ẹ mú kí ẹ̀kán ìsàlẹ̀ (àmì kékeré abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ) tóbi ju bí fọ́ǹtì ṣe fi í sílẹ̀ lọ, torí òun ló ń kọ́kọ́ sọnù tí lógò bá kéré. Ẹ má sì fa ìlà kankan sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ fáìlì ńkọ́? ABD lásán, láìsí àmì àti àlàfo. Àmì kan náà lè ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ méjì, tí fáìlì bá kúrò lórí Mac bọ́ sórí Windows, àwòrán ara ẹ̀dá yín lè ṣe bí ẹni pé kò sí mọ́.

Àwọ̀ méjì tó. Àwọ̀ ewéko títàn tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà yóò ṣú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí CMYK, àwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, kò lè mú un, nítorí náà ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó san owó ọgọ́rùn-ún káàdì. Àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé yóò béèrè fáìlì CorelDRAW. PDF tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ti di curve yóò ṣí lọ́dọ̀ wọn.

Lógò tó ń rìn níbẹ̀rẹ̀ eré, ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5 ti pọ̀ tó. Ní fírémù 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àáyá 5 jẹ́ fírémù 120. Tí Cycles, ohun tó ń ya àwòrán jáde nínú Blender, bá ń gba ìṣẹ́jú 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4 ni. Iná lè lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 4. Ẹ máa render (kí kọ̀ǹpútà ya fírémù jáde) sí PNG, fáìlì àwòrán, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má ṣe é tààrà sí fídíò: tí iná bá lọ lẹ́yìn tí fírémù 90 parí, láti 91 lẹ ó ti máa bá a lọ, ṣùgbọ́n fídíò MP4 tí kò parí kì í sábà ṣí rárá. PNG tún ń pa ẹ̀yìn tó mọ́ gaara mọ́, èyí tí H.264, irú fídíò tó sábà wà nínú MP4, kò lè ṣe. Tí tẹlifíṣọ̀n bá wà lọ́kàn yín, fírémù 25 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lákòókò ọyẹ́ yìí, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí ibùsùn, ẹ fẹ́ eruku inú fáànù rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi render sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ooru máa ń mú kí ẹ̀rọ fa ẹsẹ̀, wákàtí 4 a sì di 7.

Showreel akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Iṣẹ́ tó dára jù ni kó ṣíwájú, orúkọ àti ìmeèlì fún àáyá 3 níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ kọ ipa yín sí igun: "animation nìkan", "ìmọ́lẹ̀ nìkan". Rig ọ̀fẹ́ náà, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀, torí òmíràn kò fàyè gba iṣẹ́ owó. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ yan Document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fídíò, yóò fún un pọ̀, ẹ̀kán ìsàlẹ̀ yín yóò sì tún lọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ló ya lógò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà títí yóò fi gbé e fún yín ní kíkọ sílẹ̀. Ohun tí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 sọ nìyẹn. Ojú ìwé kan tó: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, àwòrán lógò náà, iye tí ẹ san, gbólóhùn pé ó gbé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ìbuwọ́lùwé àti déètì. Kí ó fún yín ní SVG pẹ̀lú.

Kí ọdún tó yí, ẹ wo nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi ṣí àwọn àkáǹtì stúdíò. Láìnì tí a pa tì fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù lè gbà á padà kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, kóòdù ìwọlé yín yóò sì máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé àkáǹtì náà sórí ìmeèlì stúdíò tí èèyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ alápá méjì lórí áàpù dípò SMS, kí ẹ tẹ kóòdù ìgbàpadà rẹ̀ sórí ìwé, kó wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí CAC.